Bátìrì Tó Ń Kú Mọ́jú

Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, tí mọ́tò kàn ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí kò ta, orí mi á gbóná. Mọ́tò náà ti dàgbà. Ọwọ́ ọ̀gá iléèwé kan tó fẹ̀yìn tì ni mo ti rà á, òun ló sì ń gbé mi láti ilé wa ní Ìlobù lọ síbi tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìfọ́n. Ọdún kan gbáko ni bátìrì rẹ̀ fi ń kú mọ́jú. Tí wọ́n bá fi iná sí i, á ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó tún gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe. Ta ni mo tó láti gbé mọ́tò lọ bá ẹlòmíràn? Ó pààrọ̀ bátìrì, kò gbọ́. Ó pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, kò gbọ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀kẹrin, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò.

"Ìyàwó, àwọn ará Ìfọ́n tí o ń páàkì sáàárín wọn yẹn, ṣé o rò pé wọ́n fẹ́ kí nǹkan ará Ìlobù dáa ni?"

Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ba àárín ìlú méjèèjì jẹ́ tó, kí ló tún kan wáyà mọ́tò mi? Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. "Ẹ ṣé, bọ̀dá," ni mo wí, mo gbọn iyanrìn lórúnkún, mo bá tèmi lọ.

Ojú ń dun ìyá ọkọ mi nígbà náà. Oṣù mẹ́ta la fi retí ọjọ́ tí dókítà ojú dá fún wọn ní Òṣogbo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ti jókòó síwájú mọ́tò, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n di káàdì ọsibítù mú. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ká tó ti mọ́tò títí, ká tó gbà pé kò ní ta, ká tó wọ ọkọ̀ èrò dé Òṣogbo, dókítà ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

"Má sunkún mọ́," ni ìyá ń wí. Wọn ò mọ̀ pé ìbínú ló ń da omi lójú mi.

Mo fi iná sí bátìrì, mo wa mọ́tò náà kọjá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mi ò wo ibẹ̀. Obìnrin kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìfọ́n ni mo gbé e lọ bá.

"Àǹtí, tí ẹ bá yọ orí bátìrì mọ́jú, ṣé ó ṣì máa ń kú?"

"Mi ò yọ ọ́ rí."

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ wò?"

Kò sí.

Ó pa gbogbo nǹkan inú mọ́tò, ó tú wáyà kan lórí bátìrì, ó so gílóòbù kékeré sáàárín wáyà náà àti orí bátìrì. Gílóòbù tàn.

"Ẹ wò ó, mọ́tò ti sùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń jẹun nínú ẹ̀."

Ó ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù ò kú. Ló bá tọ wáyà pupa kan tí kò gba ọ̀dọ̀ fíúsì kọjá, ó tọ̀ ọ́ dé abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì. Ó fa àpótí dúdú kékeré kan jáde. Omi ti rin ín, ó sì gbóná lọ́wọ́. Bó ṣe já wáyà rẹ̀, gílóòbù kú.

Mo mọ àpótí náà. Áláàmù olè tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi so lọ́dún tí mo ra mọ́tò ni. Nígbà tó ń ké láìnídìí, ó ní òun ti tú u kúrò. Fèrè rẹ̀ nìkan ló gé!

Mo gbé e lọ bá a lágbàlá ìyá, níbi tó ti ń jẹun. Mi ò kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ wo ará Ìfọ́n tó ń pa bátìrì mi."

Ó yí i síwá-sẹ́yìn. "Ta ló tú u?"

"Ọmọ Ìfọ́n kan ni."

"Ṣé mo wí..."

"Ọwọ́ yín ló so ó, bọ̀dá! Ọwọ́ yín!" Ohùn mi lọ sókè débi pé ará ilé yọjú.

Ìyá yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ lo so ó?"

Ó ṣan ọwọ́, ó jáde.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a dé Òṣogbo kí dókítà tó dé, wọ́n sì ṣe ojú ìyá. Ọkọ mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun torí pé mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kí ẹni tó so áláàmù kọ́kọ́ wá bẹ ìyá rẹ̀. Kò tíì wá. Èmi náà ò tíì lọ.