Òkúta Tí Wọ́n Hú Lódò Wa

Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló bí mi nínú. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Redstone, àdúgbò kan ní Calgary ní Kánádà, ló wakọ̀ gbé èmi àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn ìlú náà, níbi tí odò ti gba àárín òkè tí kò ní igi kọjá. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, òórùn yẹn gbé mi padà sí Òkè-Ògùn.

Lẹ́ẹ̀rùn, èèyàn lè fẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá odò wa, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lápá òkè, omi á dé láìsọ fẹ́nì kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ri òkúta gíga kan mọ́ ibi tí ọ̀nà àwọn olóbì àtijọ́ ti wọ odò. Bí ẹ bá ṣì rí orí rẹ̀, ẹ máa kọjá. Bí omi bá ti bò ó, ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ jẹ iṣu yín, ẹ máa ṣòfófó títí omi á fi fà. Ìyá mi ní ibẹ̀ lòun ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé onílé.

Agbaṣẹ́ṣe kan wá dé, ó fẹ́ la títì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó hú òkúta wa, ó ní kí wọ́n fọ́ ọ mọ́ àwọn òkúta tó fẹ́ fi ṣe títì, lọ́rì rẹ̀ sì já òkúta gíga mìíràn sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀, lórí yanrìn níbi tí omi kì í jìn. Nígbà tí òjò dé, Àlàbá ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń lọ síléèwé, ń ti oko bọ̀. Ó rí orí òkúta yẹn lókè omi, ó rò pé tiwa ni. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa, ó wọ odò. Òkú rẹ̀ la rí lọ́jọ́ kejì.

Àwọn kan ní ọmọ náà ò gbọ́n. Irọ́ ńlá! Àwọn tó hú òkúta ni ò gbọ́n. Títì ọ̀hún gan-an, wọn ò parí ẹ̀ dòní.

Tómi, ọmọ ọmọ mi, ti gbé òkúta kan lára èyí tí ẹnìkan tò sí bèbè odò Calgary yìí. Mo pariwo mọ́ ọn, "Gbé e padà!"

"Grandpa, it's just a rock."

Bàbá rẹ̀ ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ now, ó kàn ń play ni. Park ni ibí."

"Park kọ́, pákí ni!"

Ọmọ náà dá a padà jẹ́jẹ́. Ó wo ojú mi. "Okay. But who put it there?"

N kò mọ̀. Bóyá àlejò bíi tiwa ni, bóyá àwọn tó ti ń rin bèbè yìí kí Calgary tó wà. Mo fà á mọ́ra. Ká ní ẹnìkan bi wá ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó hú tiwa ni, Àlàbá ì bá ti darúgbó bíi tèmi.