Ẹranko tí Sìmíátù Rà Fún Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Sìmíátù, ẹ sọ fún un pé eku ló ń sìn. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ lé ìbàdí báyìí, àwọn télọ̀ Músìn tó ń gbéṣẹ́ fún un á ti mọ̀ pé ọjọ́ ò ní sàn. Iṣẹ́ wíìfù ló ń ṣe. Bí àwọn télọ̀ bá rán aṣọ tán, òun ni yóò fi ẹ̀rọ tirẹ̀ di etí aṣọ náà kó má baà tú.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló lọ rà ní Yábàá lọ́jọ́ tó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹyẹ àti ẹja inú gíláàsì. Kò ní nǹkan kan í rà níbẹ̀. Òòrùn ló mú, ṣọ́ọ̀bù náà sì ní fáànù. Ibẹ̀ ló ti rí ẹranko kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àkàrà tí ò tíì jinná tán, tí kò ní ìrù gidi kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di hóró ọkà mú, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyàwó tuntun lójú àna. Sìmíátù bú sẹ́rìn-ín. Ó bi Habeeb, ẹni tó ń tajà níbẹ̀, pé kí ni wọ́n ń pe èyí. Habeeb ní hámísítà ni, ẹranko tó fara jọ eku tí àwọn òyìnbó máa ń sìn nínú ilé. Kò ju ìyẹn lọ, Sìmíátù gbé e lọ sílé.

Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni mo sọ yẹn. Láti kékeré obìnrin yìí ni wọ́n ti ń gbé ohun tí yóò tọ́jú lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ dàgbà sí ní Èbúté Mẹ́ta, nígbà tí ìyá wọn ń kiri ọjà. Ó lọ sílé ọkọ, ìyá ọkọ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wá bá a láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì padà mọ́ títí tó fi kú. Ọkọ fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, Sìmíátù wẹ̀ ẹ́, ó fún un lóúnjẹ, ó sin ín. Àwọn ọmọ tún kó ọmọ tiwọn wá. Ó fẹ́ràn gbogbo wọn, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í rí pé ṣé ó wù ú. Hámísítà yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó fi ojú ara rẹ̀ ṣà, tó sì ní òun yóò kẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́.

"Háà! Àǹtí, oríkì èèyàn lẹ fi ń pe eku?" Ìyá Dennis tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Kì í ṣe eku," ni Sìmíátù dá a lóhùn. "Tó bá sì jẹ́ eku náà, ṣé yàrá tìẹ ló ń gbé?"

Kò kọ́kọ́ mọ ìtọ́jú rẹ̀ o, ká sòótọ́. Abọ́ oníke tó ní ìdérí ló fi ṣe ilé fún un, ó lu ihò sí i lára. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àṣàkẹ́ ti gé oníke náà jẹ, ó ti bọ́ sínú àpò àkísà. Sìmíátù bá lọ bá Aminullah, wẹ́dà kan ní Músìn, pé kó fi wáyà ṣe kéèjì fún òun, kí ojú wáyà rẹ̀ há, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ páànù tó tẹ́jú kí ẹsẹ̀ má baà há sí i. Aminullah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń jó irin, pàkúté ni wọ́n ń ní kóun ṣe fún eku, kì í ṣe ilé. Sìmíátù ní kó pa ẹnu dé, kó ṣe é.

Èyí tó dùn ún jù ni ti òwú. Òwú ni ọrọ̀ ilé rẹ̀, ó ń já bọ́ nídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́, aláràbarà, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bíi tìmùtìmù. Ó kó o jọ, ó fi tẹ́ ibùsùn fún Àṣàkẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Kò pẹ́ ni òwú wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ wú, ó pọ́n. Sìmíátù tó ti ń gé òwú láti ìgbà èwe fi àlùmọ́gàjí kékeré gé ìyẹn, ó sì sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, tíṣù funfun ló ń ya wẹ́wẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹranko náà wú lọ́tùn-ún lósì. Ìyá Dennis yọjú wò ó, ó ní ṣegede ni, kí wọ́n fi búlúù pa á. Sìmíátù ti po búlúù tán kó tó rò ó pé kóun pe Habeeb. Habeeb rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Mummy, oúnjẹ ló kó sẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń kó o pa mọ́ nìyẹn." Ó wá tún kìlọ̀ fún un: kó máa fún un ní jéró àti ọkà bàbà, kó gé kùkúńbà kékeré bí èékánná sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi má wọ́n ọn, kò gbọdọ̀ fún un ní àlùbọ́sà, ata, ọsàn, tàbí ohun oníyọ̀. Kó má gbé e sójú òòrùn. Kó má sì mú èkejì wá bá a, wọn yóò para wọn ni.

Àmọ́ ilé tí Sìmíátù ń gbé ní òfin kan. Lóṣooṣù, lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo yàrá ni wọ́n ń gbé oògùn eku sí lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ẹnì kan bá dá a ṣe, ṣe ni àwọn eku yóò kàn ṣí lọ bá aládùúgbò. Bàbá Ọlápàdé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé abọ́ oògùn náà kiri. Òun ló pẹ́ jù nínú ilé, ohun tó bá sọ ni onílé sì ń gbà. Ẹni tó bá kọ oògùn, kó kó ẹrù rẹ̀. Sìmíátù ò sì jẹ́ gbé májèlé sí yàrá tí Àṣàkẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ó ra sìmẹ́ǹtì, ó dí gbogbo ihò yàrá rẹ̀. Ó kó jéró sínú agolo onídèérí. Nígbà tí Sátidé pé, ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e.

"Sìmíátù, dìde kí n wọlé," ni Bàbá Ọlápàdé wí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ máa kọjá lọ."

"Tá a bá fo yàrá tìẹ, gbogbo eku ilé yìí ló máa sá wá bá ẹ."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Kò síbi tí wọ́n máa gbà wọlé. Ẹ wọlé wá wò ó, sà. Tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ eku kan péré, ẹ gbé oògùn yín kalẹ̀."

Bàbá wọlé. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù wò, kò rí nǹkan kan. Ó wo Àṣàkẹ́ tó ká jọ sínú tíṣù, tó ń sùn. Bó ṣe jáde, gbogbo ilé ti pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí ohun tí yóò sọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Yàrá mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ò ní gbà kó o kọ oògùn. Ọmọ ọmọ rẹ ló ni í, àbí? Ayọ̀miídé. Ó ní kó o bá òun tọ́jú ẹ̀ ni. Sọ bẹ́ẹ̀. Màá bá onílé sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọmọdé jà."

"Ẹ sáà sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí," ni Ìyá Dennis náà wí, àánú sì ṣe é lóòótọ́.

Irọ́ kékeré ni. Ì bá gba yàrá là, ì bá gba ẹranko là, Ayọ̀miídé ò sì ní gbọ́ láé. Sìmíátù la ẹnu láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú bí i. Ṣé ó tún di dandan kóun gba ara ẹlòmíràn kóun tó lè ní nǹkan ni? Ó dìde lórí àpótí.

"Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Kì í ṣe ti Ayọ̀miídé. Kò sẹ́ni tó gbé e fún mi. Èmi ni mo rà á."

"Kí ni kí n wá sọ fún onílé?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ó wù mí ni. Tí wọ́n bá sì ní kí n kó jáde, kéèjì yìí ni màá kọ́kọ́ gbé."