Wọ́n Ní Èmi Ni Ìyá Wọn Oníjó

Ilé màmá arúgbó kan ní ìlú Torino, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mò ń tọ́jú wọn. Láti Moncalieri ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láràárọ̀. Fọ́tò ìyá wọn wà lára ògiri: obìnrin tó fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí, tí itan rẹ̀ wà níta gbangba. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́. Ọmọ màmá ló ṣàlàyé fún mi pé oníjó orí ìtàgé, tí wọ́n ń pè ní teatro, ni obìnrin yẹn láyé àtijọ́. Ó ń jó, ó ń kọrin, ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín láti ìlú dé ìlú. Ó fi màmá sílẹ̀ sọ́dọ̀ àǹtí kan ní Padova nígbà tí màmá ṣì kéré, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan mò ń nu ilẹ̀, orin ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí mi lẹ́nu, ni mo bá ń bá igi ìnulẹ̀ jó. Màmá wò mí títí.

"Mamma?"

Mo ní, "Sì," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni lédè wọn. Kí ni ǹ bá tún sọ? Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tó bá ti lọ́jọ́ lórí, màmá ni. Èmi náà ń pè wọ́n ní Màmá. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Àṣé iyè wọn ti ra, ìyá wọn ni wọ́n rò pé ó dé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń múra àtilọ sílé báyìí, ẹkún. "Mamma, teatro lẹ tún ń lọ? Ẹ tún fẹ́ fi mí sílẹ̀?"

"Màmá, ẹ wò mí dáadáa, dúdú ni mí!"

"Ẹ ò tíì kun àtíkè ni."

Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n ṣáà máa dáhùn. Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni, àbí irọ́ kọ́? Bí mo bá ní èmi kọ́, wọ́n á ní ìyá àwọn sẹ́ àwọn. Bí mo bá ní èmi ni, mo ṣì gbọ́dọ̀ lọ. Orí mi dàrú.

Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo jókòó, mo ní, "Ó dáa, mi ò lọ mọ́."

Màmá nu ojú. "Ta ló wá máa jó? Àwọn èèyàn ti jókòó dè yín. Ẹ máa lọ."

Wọ́n tì mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò sunkún. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda pé kó máa lọ yẹn, èmi ni àbí ìyá wọn.