Àdúrà Ọjọ́ Fíríìdọ̀mù

Bí mo bá gbóòórùn pẹtiróòlù àti eruku gbígbóná pọ̀, yàrá òkè tí mo fi ṣe ọ́fíìsì ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Jẹnẹrétọ̀ á máa ké lábẹ́ fèrèsé, kọ̀ǹpútà á máa fẹ́ ooru sí wa lójú, àwa náà á máa làágùn. Ọ̀rẹ́, o mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣọ̀wọ́n tó níhìn-ín kó tó di 1990. Iṣẹ́ wa ni láti gba oníṣòwò nímọ̀ràn lórí èyí tí yóò rà, ká tò ó fún un, ká sì kọ́ àwọn akọ̀wé rẹ̀ bí wọn yóò ṣe lò ó.

Oníbàárà tó gbé wa ró ni Àlàájì kan tó ń ra kajú ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi ń san owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mi méjèèjì. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í wù mí í lọ. Ìdí ẹ̀rọ ni mo fẹ́ràn kí n máa jókòó sí. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń rán, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ṣe tíṣà rí. Tó bá dé, á ní, "Àlàájì ní kí n kí yín, sà." Ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, mo ṣe fíríìdọ̀mù fún un bí àwọn télọ̀ ṣe ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ wọn. Ó kúnlẹ̀, mo gbé àpò irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, mo sì gbàdúrà tọkàntọkàn pé kò ní wá iṣẹ́ tì láyé. Gbogbo ilé ṣe àmín. Àlàájì, tí mo pè ní àlejò pàtàkì, ló dìde lẹ́yìn mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ọ̀gá, àdúrà yín ti gbà kẹ́ ẹ tó ṣe é. Láti oṣù tó kọjá la ti gbé iṣẹ́ wa fún un pátápátá, bẹ́ ẹ ṣe ní ká ṣe. Ẹ kú inú ire."

Mi ò ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Mo wo ọmọ iṣẹ́ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, tó ń sunkún ayọ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe tiyín." Kí ni ǹ bá sọ fún obìnrin náà? Mo ní àmín.

Kò pẹ́ tí mo fi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mi méjèèjì máa lọ sílé, nítorí kò sí ohun tí mo lè fún wọn mọ́. Mo pàdé ọmọ náà lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán, mo bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ ò kúkú yọjú síbẹ̀ rí."

Ọ̀dàlẹ̀ ni, mi ò sì ní pè é lórúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀dàlẹ̀ náà ló kọ́ mi pé ẹni tó ń lọ kí oníbàárà ló ni oníbàárà, kì í ṣe ẹni tó mọ ẹ̀rọ jù. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń lọ kí wọn, òjò ì báà máa rọ̀, ohun tó sì gbé iṣẹ́ mi dìde padà nìyẹn. Mo ti ṣe fíríìdọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń gbé irinṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, mo máa ń bá wọn ya fọ́tò. Tó bá wá kan àdúrà, màá pe pásítọ̀ tàbí àáfà kó bá mi ṣe é.