Fẹ́rẹ̀ẹ́ Àǹtí Sìkírátù

Àkójọ aláàlà rírọ̀ ni àkójọ tí kò ní ibi kan pàtó tí a ti lè sọ pé inú rẹ̀ parí, ìta bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àwọn ènìyàn gíga: kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí kúkúrú ti di gíga. Nítorí náà, nǹkan lè jẹ́ ti irú àkójọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ tirẹ̀ dé ìdajì, ó sì lè jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ìwádìí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sìkírátù ọmọ Atikori, fi ayé wọn ṣe, kí ènìyàn lè mọ ìpinnu tí yóò ṣe nígbà tí nǹkan kò bá dájú. Ó mà ṣe o, ẹ̀gbọ́n mi. Ikú nìkan ni kò mọ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í gba “ó dájú” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní ìṣirò kan tọ̀nà, ní ẹ̀ka yunifásítì tí a jọ ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ ó wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́ àjà: “Àbúrò, ó tọ̀nà dé ibo?” Nígbà tí mo mú ìyàwó mi wá hàn yín, ẹ ní ó dára dé ibi tó pọ̀. Títí dòní ló ń bi mí pé ibo ló kù.

A jọ lọ sí Makun-Omi láti bi àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé odò ti kún jù. Wọ́n fura sí wa, wọ́n rò pé ìjọba ló rán wa wá gba èbúté wọn. Àgbàlagbà kan ní omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹ bi í bí fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe tó.

“Ó tó kí n má gbé yín, ìyá.”

Ẹ rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ẹ ní bí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti tó ìwọ̀n kan, ọlọ́gbọ́n kì í dúró de kíkún.

Nígbà òjò tó kọjá, mo pè yín lórí fóònù, mo béèrè àlàáfíà. Ẹ ní, “Ara le pátápátá.” Ara fu mí. Ẹni tí ìyàwó mi kò dára tán lójú rẹ̀ ni ara rẹ̀ wá le pátápátá?

“Ó le dé ibo, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ẹ dákẹ́.

Mo wakọ̀ wá sí Atikori lójú ẹsẹ̀. Mo bá yín lórí àga, ẹsẹ̀ yín wú, ẹ ń mí gúlegúle. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ kí Bàrákátù, ọmọ yín, pa ìdánwò rẹ̀ tì nítorí yín. Ẹ bínú sí mi títí a fi dé ọsípítù. Dókítà ní bí a bá dúró di ọjọ́ kejì, a kì bá tí bá yín láàyè. Ìfura tí ẹ kọ́ mi ló jẹ́ kí ẹ rí ọjọ́ tí Bàrákátù kẹ́kọ̀ọ́ yege.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n mi. Oorun yìí, ẹ sùn ún tán.

Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi fìdáù yìí, ẹ pe àwọn àgbà yín lónìí. Bí wọ́n bá ní ara le, ẹ bi wọ́n pé ó le dé ibo. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbéra.