Bàámi, Ẹni Tí Í Bá Gbogbo Sakẹ́tẹ́ Yan Ọkọ̀

Ó dìgbà o, Bàámi. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún yín, mo jókòó ti ìwé títí, ẹkún ni mo ń sun. Èmi Àbẹ̀kẹ́ yín, agbẹ̀bí Ìta-Ìjẹ̀bú, tí mo ti fi ọwọ́ mi gba ọ̀pọ̀ ọmọ wá sáyé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sin bàbá ẹni lọ sí ibi tí kò ti ní padà.

Ọmọ bíbí Pobẹ̀ ni ẹ̀yin, Sakẹ́tẹ́ lẹ ti ta epo pupa títí irun fi funfun lórí yín. Ọ̀rẹ́ tolówó tòtòṣì, kò sí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ládùúgbò wa tí kì í kọ́kọ́ yà ní ìsọ̀ yín. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin àti Bàbá Ràímì ọ̀rẹ́ yín, oníṣòwò aṣọ, ẹ óò gbé àga síta, ẹ óò máa jiyàn lórí irú ọkọ̀ tó yẹ kéèyàn máa lò lójoojúmọ́. Bàbá Ràímì a ní ọkọ̀ gíga ló yẹ ọkùnrin. Ẹ̀yin a ní, "Ó dáa, àwọn ìyàwó rẹ ńkọ́, tí wọ́n ń gun àpótí kí wọ́n tó wọlé sínú rẹ̀?" Òótọ́ sì ni, àpótí ìjókòó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Bàbá Ràímì títí dòní. Lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn náà, inú àwo kan lẹ jọ ń jẹun.

Ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ tó wúlò tí kò dùn ún wà, ìyà ni. Èyí tó dùn ún wà tí kò lè gbé epo àti ìyá arúgbó, ohun ìṣeré ni. Ìdánwò yín kò jọ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yóò di ẹrù tó ń gbé lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, yóò gbé àgbàlagbà kan sẹ́yìn, yóò wà á gba ọ̀nà eléruku. Bí àgbà náà kò bá di nǹkan mú, ọkọ̀ wúlò. Ẹ óò wá wo ọ̀nà tí awakọ̀ gbà padà. Bí ó bá fi àbùjá sílẹ̀, tó gba ọ̀nà tó jìn láìnídìí, ẹ óò ní, "Ó ti rí mọ́tò rẹ̀."

Nígbà tó kàn mí, ọkọ̀ pupa kékeré kan ló wọ̀ mí lójú. Bàbá Ràímì ní kí n ra ọkọ̀ gíga nítorí ẹrẹ̀. Ẹ kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Ẹ bá mi wá èyí tó kúrú níwájú, tó gùn lẹ́yìn, tí a lè tẹ́ aboyún sí bí ọ̀rọ̀ bá di kánkán, tó sì ń tètè gbọ́ràn sí awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ di bìdọ́ọ̀nù epo sí i, ẹ gbé Màámi sẹ́yìn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà á. A rò pé ẹ óò tètè dé. Ẹ yí gba ìlú Takọ́n kí ẹ tó darí wálé. Màámi ń bínú pé ọbẹ̀ òun ti jóná, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ ní, "Dákọ̀, mo gbà, mọ́tò dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá fi gbé mi dé Pobẹ̀ ló tó di tìẹ." Bàámi, ohun kan ṣoṣo tí mo wá ń fẹ́ nìyẹn, kí èmi ọmọ yín fi ọkọ̀ tèmi gbé yín lọ sílé.

Mo rà á. Wọ́n dá ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, kí ó pààrọ̀ gíláàsì iwájú tó ti sán. Àárín ìgbà náà ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Lórí ibùsùn, ẹ ń bi mí bóyá wọ́n ti gbé e dé, mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà, a ti fi aṣọ funfun bò yín. Ọkàn mi gbọgbẹ́ débi pé mi ò lè wo ọkọ̀ náà. Mo ní kí wọ́n tà á. Bàbá Ràímì ló ní, "Àbẹ̀kẹ́, má tà á o. Èmi ni mo máa ń bá bàbá rẹ jiyàn, mo mọ ìgbà tó jàre. Èyí, ó jàre." Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Ẹbí ti bá ọlọ́kọ̀ òkú sọ̀rọ̀ kí n tó lọ bá wọn. Àwọn àgbà ní ọmọ kì í wa ọkọ̀ tó gbé òkú bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mi ò dìde. Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n gbà. Lónìí, a ti ká ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, a ti tẹ́ aṣọ síbẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ óò tẹ̀ lé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fun fèrè fún mi lójú ọ̀nà bí mo bá ń rọra lọ. Mo mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé Pobẹ̀, mo ní láti sọ bàbá mi kalẹ̀ ni, mi ò sì fẹ́ dé.

Ẹ sùn re o, Bàámi.