Obìnrin Mímọ́ Tó Di Àgbá Kẹ̀kẹ́ Mú

Olùkọ́ àgbà kan nínú ìjọ Àgùdà ní àdúgbò Adabraka ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi bí àwọn ẹni mímọ́ wọn ṣe gba iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Ká ní ó tètè sọ ọ́ ni, ẹnu mi ì bá má kó bá mi. Kí ó tó dé ìsọ̀ wa, èmi tí mò ń kírun ní Nima, àdúgbò àwa Mùsùlùmí, ti pín iṣẹ́ fún wọn tán.

Mo rántí páálí àwòrán tí àǹtí mi, tí ń ta aṣọ àti ọṣẹ, rà mọ́ ọjà ìsọ̀ wa lọ́dún kan nígbà èwe mi. Àwòrán ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn, a kò sì mọ orúkọ ẹyọ kan. Àǹtí ní, "Ọjà tí o kò bá lè kì, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò gbó sí." Ni mo bá ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kì wọ́n. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, mo ní onílé ló ni ín. Ẹni tó gbé ẹja dání, mo ní kí àwọn apẹja wá mú tiwọn. Ọgbọ́n mi pọ̀ lójú ara mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan wọlé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti gba inú aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, "èwo ló wà fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà?" Mo wò títí, mo rí obìnrin kan tó di àgbá kẹ̀kẹ́ mú.

Mo ní, "Maame," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbí, "táyà ọkọ̀ ló dì mú yẹn, ẹ ò rí i?"

Ó gbé e mọ́ àyà lọ.

Nígbà tí Olùkọ́ yà sí ìsọ̀ wa tí ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé orí àgbá kẹ̀kẹ́ yẹn ni ọba kan ti fẹ́ fọ́ eegun obìnrin náà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ta ló wá ń pín iṣẹ́ fún wọn, nítorí mo rò pé láti òkè ni wọ́n ti ń yàn wọ́n, bí ààrẹ tuntun ṣe ń yan mínísítà.

"Alata, kò sẹ́ni tó pín in. Àwọn tó nílò wọn ló ń mú wọn. Ẹni tí wọ́n fa eyín rẹ̀ yọ, àwọn tí eyín ń dùn ló mú un. Àwọn tí ń kan àgbá kẹ̀kẹ́ láyé àtijọ́ rí àwòrán obìnrin yìí, wọ́n ní tiwa rèé. Ìjọ kàn bá wọn níbẹ̀ ni."

Mo pinnu pé n ó jẹ́wọ́ fún Maame. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà wá, kò dá wá. Ìyá mẹ́ta tẹ̀ lé e, ọmọ tiwọn náà wà lọ́nà Líbíà. Ó ní àwọn ti ń péjọ síwájú àwòrán obìnrin náà, òun sì ti ń rí oorun sùn díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ bá tèmi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, ó dúró tì mí gbọnin. Ọ̀kan nínú wọn tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé àwọn tó wà lójú ọ̀nà ló ni ín?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Maame."

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Ọmọ Maame kò tíì dé. Àwọn ìyá tó ń péjọ síwájú àwòrán náà ti lé ní ogún, bí ara ọ̀kan kò bá sì yá, àwọn yòókù a gbé oúnjẹ lọ bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, irọ́ ni mo pa fún wọn lọ́jọ́ náà ni, àbí òótọ́?